Ilà Ojú Rọ́nwéè

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ lórí ohunkóhun tí ó bá wù wá, bí kò bá ṣáà ti jẹ mọ́ owó gbọ̀ngàn tí a ń dá, nítorí akápò ni yóò sọ ìyẹn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a yàn ni àwọn nọ́ńbà gàgàrà tí a fi ọ̀dà funfun kọ sí ilẹ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú, àti àwọn ilà tí ó yí wọn ká. Agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan nínú ìlú wa lónìí tí ọmọ rẹ̀ kan kò tí ì wọ ọkọ̀ òfurufú. À ń sìn wọ́n dé Ìkejà, à ń gbàdúrà fún wọn, à ń juwọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ ní ìṣẹ́jú kúkurú tí ọkọ̀ fi ń sáré lórí ilẹ̀, a kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ọ̀nà gbọọrọ tí ọkọ̀ òfurufú ń sá lórí rẹ̀ kí ó tó gbéra, tí ó sì ń bà lé nígbà tí ó bá dé, ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní rọ́nwéè. Àwa náà yóò máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà mọ́tò a máa yà, a sì máa wọ́, ṣùgbọ́n rọ́nwéè tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí okùn tí a fà le. Nínú títọ́ rẹ̀ yìí ni nọ́ńbà rẹ̀ ti jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ilé ṣe ní nọ́ńbà lójú pópó ni rọ́nwéè ṣe ní tirẹ̀, pé a kàn ń kà wọ́n lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá rí 18 tí a kọ sí ilẹ̀ ní Ìkejà, kí ó má ṣe wá mẹ́tàdínlógún ìyókù kiri. Rọ́nwéè méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà náà kì í ṣe iye, kì í sì í ṣe orúkọ lásán. Ìhà tí ọkọ̀ kọjú sí ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo òbìrí kan tí a pín sí ọ̀nà 360 tí ó dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpín náà ni à ń pè ní dìgírì. Bí ènìyàn bá kọjú sí àríwá, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nígbà tí ó bá kọjú sí ìlà oòrùn, ó ti yí dìgírì 90. Bí ó bá kọjú sí gúúsù, ó di 180; bí ó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó di 270; bí ó bá sì padà sí àríwá, ó pé 360. Kọ́ńpáàsì ni ohun èlò tí ń sọ iye dìgírì yìí fún arìnrìnàjò, nítorí pé irin òòfà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í yé kọjú sí ìhà àríwá. Àwọn tí ń kọ nọ́ńbà rọ́nwéè a wo iye tí kọ́ńpáàsì fi hàn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní ẹnu rọ́nwéè tí ó sì kọjú sí òpin rẹ̀. Wọn a mú iye náà lọ sí ìdì mẹ́wàá tí ó súnmọ́ ọn jù, wọn a sì gé òdo ìkẹyìn kúrò. Bí ó bá jẹ́ 184, 180 ni ó súnmọ́, wọn a kọ 18. Bí ó bá jẹ́ 187, 190 ni, wọn a kọ 19. Bí ó bá jẹ́ 43, 40 ni, wọn a kọ 04, nítorí méjì méjì ni a ń to nọ́ńbà náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni a mọ̀ tí ó fẹ́ràn láti yọ òdo iwájú sọnù; ohun tí à ń kọ ní 09, wọn a kọ ọ́ ní 9.

Ẹ kíyè sí i pé rọ́nwéè kan ní ẹnu méjì. Ẹni tí ó bá ti àríwá wọ ọ́, gúúsù ni ó kọjú sí. Ẹni tí ó bá ti gúúsù wọ ọ́, àríwá ni. Nítorí náà, ilẹ̀ kan ṣoṣo a máa jẹ́ orúkọ méjì: 18 ní òpin kan, 36 ní òpin kejì. Ẹ mú èyí tí ó kéré kúrò lára èyí tí ó pọ̀, 18 ni yóò kù, níbikíbi tí rọ́nwéè náà ìbáà wà ní ayé, nítorí pé ẹni tí ó bá kẹ̀yìn sí ibi tí ó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ti yí dìgírì 180.

Ta ni ó wá ń pàṣẹ ìhà tí a ó kọjú rọ́nwéè sí? Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ kọjá ní apá ọkọ̀ ni ó ń gbé e sókè. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kò ní sáré jìnnà kí ó tó gbéra, kò sì ní sáré jìnnà kí ó tó dúró nígbà tí ó bá bà. Ní ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jọba láàrin ọdún: afẹ́fẹ́ òjò tí ń ti òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, àti ọyẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn. Ẹ wá wo nọ́ńbà àwọn rọ́nwéè wa. Ti Abuja jẹ́ 04 àti 22. Ti Ìbàdàn náà jẹ́ 04 àti 22. Ti Kàdúná jẹ́ 05 àti 23. Kánò ní 06 àti 24. Ìhà àríwá ìlà oòrùn àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni gbogbo wọn na ara sí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ọyẹ́ àti òjò nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ó dùn mọ́ wa púpọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ fi ojú sí i.

Ìkejà ní tirẹ̀ ní rọ́nwéè méjì tí ó nà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti àríwá sí gúúsù. Èyí tí ó gùn jẹ́ nǹkan bí 3,900 mítà; èkejì lé ní 2,700 mítà. Bí a bá kọ 18 sí ẹnu méjèèjì, tí adarí ọkọ̀ inú ilé ìṣọ́ sì wí fún awakọ̀ pé kí ó gba 18, èwo ni yóò gbà? Nítorí èyí ni a ṣe ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé nọ́ńbà náà: L fún òsì, R fún ọ̀tún, àti C fún àárín bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó ń lọ sí oko tí ó rí igi ìrókò ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nígbà tí ó bá ń bọ̀, ọwọ́ òsì ni yóò ti rí i. Bákan náà ni ó rí níhìn-ín: rọ́nwéè tí ó jẹ́ 18L fún ẹni tí ó kọjú sí gúúsù, òun kan náà ni 36R fún ẹni tí ó kọjú sí àríwá. Ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, rọ́nwéè márùn-ún ni ó nà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lẹ́tà kò sì tó wọn pín. Wọ́n bá kúkú fi nọ́ńbà ya àwọn kan sọ́tọ̀, wọ́n pe méjì ní 8, méjì ní 9, wọ́n sì pe ọ̀kan ní 10, bẹ́ẹ̀ ìhà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Irọ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tí ń gba ẹ̀mí là ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti àwọn ilà. Àwọn bàbá wa kọlà kí a lè mọ ẹni tí ó jẹ́ ti ẹni. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó mọ ilà kà kò ní béèrè ìlú àlejò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Rọ́nwéè náà kọlà, ilà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ayé, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, kí awakọ̀ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá lè ka ti Èkó láìsí ògbufọ̀. Ọ̀dà funfun ni ti orí rọ́nwéè. Ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè ni ti àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rọra gbà lọ síbẹ̀. Ní ẹnu rọ́nwéè, ẹ ó rí àwọn ilà funfun gígùn tí ó tò bí eyín òòyà. Wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá kà wọ́n yóò mọ bí rọ́nwéè náà ṣe fẹ̀ tó: bí wọ́n bá jẹ́ 8, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 mítà; bí wọ́n bá jẹ́ 12, ó jẹ́ 45 mítà; bí wọ́n bá jẹ́ 16, ó jẹ́ 60 mítà. Lẹ́yìn eyín òòyà yìí ni nọ́ńbà wà, gíga rẹ̀ kì í sì í dín sí 9 mítà, kí ojú lè rí i láti òkè réré. Ilà tí a gé ní ọgbọọgba ń lọ ní àárín gbùngbùn láti òpin dé òpin. Lórí rọ́nwéè gígùn, ní nǹkan bí 400 mítà sí ẹnu rẹ̀, ilà méjì tí ó sanra jù gbogbo ìyókù lọ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àárín: ibẹ̀ ni awakọ̀ ń fojú sùn bí ó ti ń bọ̀ wá bà.

Ní òru, iná a máa ṣe iṣẹ́ ọ̀dà. Iná aláwọ̀ ewé ni ó wà ní ẹnu rọ́nwéè, bí ẹni ń wí pé ẹ wọlé. Iná pupa ni ó wà ní òpin rẹ̀. Iná funfun ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́. Iná aláwọ̀ aró ni ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rọra gbà. Níbi tí iná bá wà ní àárín rọ́nwéè, nígbà tí ó bá ku 900 mítà kí ọ̀nà tán, funfun àti pupa yóò bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ara wọn, nígbà tí ó bá sì ku 300 mítà, pupa nìkan ni ó kù.

Gbogbo ètò yìí, ẹ̀yin ènìyàn wa, a ṣe é nítorí pé ọkọ̀ òfurufú lè ṣìnà lórí ilẹ̀ bí ó ti lè ṣìnà ní òfurufú. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2006, ní ìlú Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfurufú kan, Comair 5191, fẹ́ gbéra lọ sí Atlanta. Ènìyàn 50 ni ó wà nínú rẹ̀, èrò 47 àti òṣìṣẹ́ 3. Ilẹ̀ kò tí ì mọ́. Rọ́nwéè méjì ni ó wà ní pápá náà: 22, tí gígùn rẹ̀ lé ní 2,100 mítà, àti 26, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,070 mítà lọ. Adarí ọkọ̀ ní kí wọ́n gba 22. Ẹnu rọ́nwéè méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn, iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sì ti yí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà débẹ̀ padà díẹ̀. Àwọn awakọ̀ yà sí orí 26.

Ẹ wò ó bí ìkìlọ̀ ti pọ̀ tó. Nọ́ńbà ilẹ̀ kì í ṣe 22. Iná ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè náà kò tàn, awakọ̀ kejì pàápàá sì sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ṣe àjèjì lójú òun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń sáré nígbà náà. Kọ́ńpáàsì ọkọ̀ ń ké ní ohùn rara, nítorí láti 22 sí 26 jẹ́ ìyàtọ̀ dìgírì 40, ìyàtọ̀ tí ọmọdé lè rí. Adarí ọkọ̀, tí ó dá nìkan wà lẹ́nu iṣẹ́, ti kẹ̀yìn sí wọn láti ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀nà tán nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Nínú ènìyàn 50, 49 ni ó kú. Awakọ̀ kejì nìkan ni ó yè. Ìgbìmọ̀ tí ń wádìí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2007 pé àwọn awakọ̀ náà kò lo àwọn àmì tí ó wà níwájú wọn. Àmì wà, ojú sì wà. A kò fi ọ̀kan wé èkejì ni.

Ẹnìkan lè wí pé bí awakọ̀ bá ṣáà ti wo kọ́ńpáàsì rẹ̀, ó bọ́. Ọ̀ràn ti Taipei kò jẹ́ kí a lè fara mọ́ èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2000, ìjì àti òjò líle ń jà ní erékùṣù Taiwan. Ọkọ̀ Singapore Airlines kan, Boeing 747 tí ó gbé ènìyàn 179, fẹ́ lọ sí Los Angeles, wọ́n sì ní kí ó gba rọ́nwéè 05L. Rọ́nwéè 05R wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti apá kan rẹ̀ pa nítorí àtúnṣe, àwọn katakata àti ìdènà kọnkéré sì wà lórí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ yà sí 05R. Kọ́ńpáàsì wọn sọ pé 05 ni, kò sì purọ́, nítorí pé òsì àti ọ̀tún kọjú sí ìhà kan náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya ikú àti ìyè sọ́tọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kọ́ńpáàsì kò sì mọ lẹ́tà. Ọkọ̀ náà kọlu àwọn katakata, ó ya, ó gbiná. Ènìyàn 83 ni ó kú. Àwọn olùwádìí kíyè sí i pé kò sí àmì ìdènà kankan ní ẹnu ibi tí ọkọ̀ náà gbà wọlé. Àmì tí ó yẹ kí a kùn sí orí rọ́nwéè tí a ti pa kò ṣòro: ilà méjì tí ó dábùú ara wọn bí lẹ́tà X.

Ìdí tí a fi pẹ́ díẹ̀ lórí Taipei ni pé Ìkejà tiwa náà ní òsì àti ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni a ń lo 18L, nítorí àìsí iná. Ní ọdún 2022 ni wọ́n tì í pa fún oṣù díẹ̀ láti fi iná tuntun sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú nígbà náà pé ọkọ̀ yín pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì wọ́n. Iṣẹ́ kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í yìn. Bí ọkọ̀ bá ti ń bà, rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ́ mọ́ ilẹ̀, títí tí yóò fi di dúdú kirikiri tí ilà kò ní hàn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ a lọ fọ̀ ọ́ kúrò, wọn a sì tún ọ̀dà kùn. Ní tiwa, a kò rí ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà dáradára àti dókítà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ojú tín-ín-rín wò ó.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nọ́ńbà rọ́nwéè a máa yí padà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbé rọ́nwéè kúrò níbi tí ó wà. Ibi tí irin òòfà ń kọjú sí kì í ṣe orí ayé gan-an, kì í sì í dúró lójú kan. Ní ọdún 1831, James Clark Ross rí ibẹ̀ ní ìhà àríwá Kánádà; láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn, ó sì ti ń forí lé ìhà Siberia. Bí ó ti ń rìn ni kọ́ńpáàsì gbogbo ayé ń yí díẹ̀díẹ̀, níbòmíràn púpọ̀, níbòmíràn tín-ń-tín. Nígbà tí ìyàtọ̀ náà bá ti mú iye dìgírì kọjá sí ìdì mẹ́wàá mìíràn, kò sí ohun tí a lè ṣe ju pé kí a pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ní Stansted nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, rọ́nwéè tí ó ń jẹ́ 05 àti 23 di 04 àti 22 ní ọdún 2009. Ní Tampa ní Amẹ́ríkà, 18R di 19R ní ọdún 2011, wọ́n sì ní láti ti rọ́nwéè náà pa fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ná sí i, nítorí pé pátákó, ìwé àwòrán ọ̀nà àti ohun gbogbo tí a kọ nọ́ńbà náà sí ni a ó yí padà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà ilẹ̀ bá ń wí ohun kan, tí kọ́ńpáàsì sì ń wí òmíràn, awakọ̀ yóò kọ́ àṣà kí ó máa fojú fo ìyàtọ̀ láàrin wọn, a sì ti rí ibi tí ìyẹn ń yọrí sí ní Lexington.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìyá wa kan béèrè bí èrò tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣe lè mọ rọ́nwéè tí ọkọ̀ òun fẹ́ gbà, nígbà tí kò lè rí iwájú. Ìbéèrè náà dára. Kí ọkọ̀ tó gun orí rọ́nwéè, yóò dé ibi tí ilà aláwọ̀ ìyeyè mẹ́rin gbé dábùú ọ̀nà, méjì nà gbọọrọ, méjì jẹ́ gígé. Ẹ̀gbẹ́ tí ilà gbọọrọ wà ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí títí ilé ìṣọ́ yóò fi fún un ní àṣẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni pátákó pupa kan máa ń wà tí a fi funfun kọ nọ́ńbà sí. Bí nọ́ńbà méjì bá wà lórí rẹ̀, ẹnu rọ́nwéè tí ó ni èyí tí ó wà lápá òsì pátákó wà ní ọwọ́ òsì ẹni tí ó kọjú sí i, ti èkejì sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá sì jẹ́ ní ẹnu rọ́nwéè gan-an ni ọkọ̀ dúró sí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i.